Eyín Alága Lórí Òrùlé

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìtàn àwọn ẹni ńlá, ẹ sún mọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lọ fọ ẹnu yín. Ọ̀rọ̀ eyín ni mo fẹ́ sọ, n ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu tó ń rùn rẹ́rìn-ín sí mi létí.

Kurotsuhama ni mò ń gbé, létí òkun. Ìlú kékeré ni. Ohun tí a ní níbẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ: ẹja, òjò, àti Alága Kuramochi. Ẹja a máa wọ́n lọ́dún mìíràn. Òjò náà a máa dá. Alága nìkan ni kì í dákẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun ní ibùdókọ̀ ojú irin, ọ̀rọ̀ ìṣílé tí Alága sọ gùn débi pé àwọn tó fẹ́ lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà sá wọ igbó lọ. Bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Nukaga, ọ̀gá ẹ̀ka ọ̀rọ̀ ọmọdé, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́. Iṣẹ́ tí Nukaga mọ̀ jù nìyẹn. Bí Alága bá sín, òun ni í dúpẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n tètè tú àṣírí kan fún yín kó má baà máa yún mi lẹ́nu. Alága Kuramochi kò ní eyín kan ṣoṣo. Kò ní lókè, kò ní nísàlẹ̀. Èyí tó ń tàn yanran lẹ́nu rẹ̀ yẹn, Dókítà Hosaka, oníṣègùn eyín, ló ṣe é fún un, àwọn méjèèjì nìkan ló sì mọ̀. Kò sí ìtìjú nínú eyín àtọwọ́dá o! Ìdajì àwọn àgbà ìlú wa ló ń kó tiwọn sínú ife omi kí wọ́n tó sùn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí Alága pé ọgọ́rin ọdún, ó dìde láàárín èrò, ó fi ìka kan ètè.

“Eyín tí ìyá mi bí mọ́ mi,” ó ní, “ló ṣì wà lẹ́nu mi!”

Nukaga pàtẹ́wọ́, gbogbo gbọ̀ngàn sì tẹ̀lé e. Kò sẹ́ni tó bi í pé ọmọ wo ni wọ́n ń bí teyín-teyín.

Iwájú ilé mi gan-an ni jẹ́léósinmi Hamanasu wà. Ilé pákó àtijọ́ ni, òrùlé rẹ̀ jẹ́ amọ̀ sísun, ilẹ̀ rẹ̀ sì ga kúrò ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ débi pé ológbò lè bímọ sábẹ́ rẹ̀. Tíṣà Isozaki Fumiyo ló ń ṣàkóso ibẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá jẹun ọ̀sán tán, tí oníkálùkù ti fi búrọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ ha ẹnu bó ṣe mọ, Fumiyo á kúnlẹ̀ jókòó sórí ẹní, á gbá itan rẹ̀ pẹ́pẹ́. Ọmọ kan á wá gbé orí lé itan náà, á dojú sókè, Tíṣà á sì fọ ẹnu rẹ̀ ní àfọ̀kẹ́yìn. Gbogbo ìyá nílùú wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílé, àwọn ọmọ wọn a sì máa ké bí ẹran tí wọ́n fẹ́ dúńbú. Lọ́dọ̀ Fumiyo, ẹ̀rín ni.

“Hàà! Ta nìyí?” Fumiyo á ní. “Mo rí ìrẹsì kan tó ń sùn lẹ́yìn eyín. Ìwọ ìrẹsì, ta ló fún ọ ní yàrá níbí?”

“Èmi kọ́!” ọmọ á dáhùn, ẹ̀rín á sì la ẹnu rẹ̀ gbàgà.

“Ẹ lé e jáde!” Àwọn ìyókù á pariwo.

Bó bá fọ̀ ọ́ tán, ipò á yí padà. Tíṣà fúnra rẹ̀ á gbé orí lé itan ọmọ náà, á lanu, kí ọmọ náà wo tirẹ̀. Òfin ilé nìyẹn: ẹni tó bá fẹ́ wo ẹnu ẹlòmíì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n wo tòun náà. Àwọn ọmọ á máa bá ara wọn du àyè láti fọ ẹnu. Èmi tí mo tọ́ ọmọ mẹ́ta, mo máa ń dúró lójú fèrèsé wò wọ́n, inú á sì máa bí mi pé kò sẹ́ni tó kọ́ mi nígbà tèmi.

Ọmọ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Nagi, ọmọ ọdún márùn-ún, ìyá ìyá rẹ̀, Màmá Tome, ló ń tọ́ ọ. Kí ọmọ yìí tó dé ọ̀dọ̀ Fumiyo, bí wọ́n bá fẹ́ fọ ẹnu rẹ̀, ẹni kan á dì í lọ́wọ́ mú, ẹni kejì á dì í lẹ́sẹ̀ mú, síbẹ̀ ó ti ge ìka Màmá Tome jẹ. Lọ́dọ̀ Fumiyo ló ti kọ́ láti lanu. Nísinsìnyí, eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀ kan ti ń mì, kò sì sí ohun mìíràn tó ń rò. Ẹ ṣá mọ̀ bí a ṣe ń ṣe é: eyín ọmọdé tó bá bọ́ nísàlẹ̀, orí òrùlé là ń jù ú sí; èyí tó bá bọ́ lókè, abẹ́ ilé ni, kí tuntun lè yọ tọ̀ ọ́ lọ tààrà. Ṣùgbọ́n ilé alájà mẹ́rin tí ìjọba kọ́ ni Nagi àti Màmá Tome ń gbé. Ẹyẹ nìkan ló lè ju nǹkan dé orí rẹ̀. Nítorí náà, Nagi ti yan òrùlé jẹ́léósinmi fún eyín rẹ̀, ó sì ti fi han gbogbo èèyàn, títí kan èmi.

Ọjọ́ òjò kan ni Alága ṣàbẹ̀wò síbẹ̀. Nukaga gbé agbòjò lé e lórí títí wọ inú ilé, nítorí kò sẹ́ni tó tíì pàṣẹ pé kó gbé e kúrò. Òun náà ló bọ́ bàtà fún un lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rí ni Fumiyo tó nà sílẹ̀ gbalaja, orí rẹ̀ lórí itan Nagi, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

“Kí ni mò ń wò yìí?” Alága figbe ta. “Òṣìṣẹ́ ìjọba! Lọ́sàn-án gangan! Ọmọdé ń yọjú wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀!”

Fumiyo yára dìde, ó tẹrí ba. “Ẹ káàsán, Alága. Ẹnu là ń fọ̀, sà.”

“Ẹ̀rín lẹ̀ ń rín!”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Tí wọn ò bá rẹ́rìn-ín, wọn ò ní lanu.”

“Ìmọ́tótó kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín! Nukaga, àbí mo parọ́?”

“Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín rárá, Alága,” Nukaga fèsì. “Èmi kì í rẹ́rìn-ín tí mo bá ń fọ ẹnu. Mo tiẹ̀ máa ń sunkún díẹ̀.”

Nagi kò mọ ẹni tí í ṣe Alága. Bàbá arúgbó lásán ló rí. Ó gbá itan rẹ̀ pẹ́pẹ́. “Bàbá, ó kàn yín. Ẹ wá sùn, ká wo inú ẹnu tiyín náà.”

Ẹnu Alága pa dé pàmù. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ará Kurotsuhama gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ níbi tí Alága wà. Ó yí padà, ó sì jáde lọ sínú òjò, Nukaga ń sáré tẹ̀lé e pẹ̀lú agbòjò lọ́wọ́ kan, bàtà lọ́wọ́ kejì.

Lọ́jọ́ kejì, ó pe ìgbìmọ̀ ìlú jọ.

“Eyín!” ó ní. “Kí ni eyín? Eyín ni odi ẹnu. Ẹnu ni ẹnubodè ìlú. Ìlú sì ni èmi! Ẹni tó bá fi eyín ṣeré, èmi ló fi ṣeré!”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó wá sọ èrò rẹ̀ jáde: wọn á wó jẹ́léósinmi Hamanasu, wọn á kọ́ Gbọ̀ngàn Ẹ̀rín síbẹ̀, ère Alága á dúró níwájú rẹ̀, eyín ère náà á sì jẹ́ òkúta funfun. Àwọn ọmọ ńkọ́? Bọ́ọ̀sì á máa kó wọn kọjá òkè lọ sí ìlú kejì láràárọ̀. Ní Ọjọ́ Eyín, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà, ni yóò kéde rẹ̀ fún aráyé. Ọjọ́ náà kan náà ni wọn á fún un ní àmì-ẹ̀yẹ àgbà tí eyín rẹ̀ pé lẹ́nu. Ta ló yẹ ẹnu rẹ̀ wò? Dókítà Hosaka ni. Màmá Tome, tó ń fi eyín ara rẹ̀ fọ́ ẹja gbígbẹ tó le bí bàtà, fi orúkọ sílẹ̀ fún àmì-ẹ̀yẹ náà. Wọ́n ní kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Fumiyo lọ bẹ̀ ẹ́ ní ọ́fíìsì. Ó tẹrí ba títí tí irun rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀.

“Alága, ẹ jọ̀wọ́, sà. Àwọn kan nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lanu ni. Tí ẹ bá kó wọn lọ ọ̀dọ̀ ẹni tí wọn ò mọ̀, ẹnu wọn á tún pa dé.”

Alága rẹ́rìn-ín músẹ́. “Bí mo bá rí i ní Ọjọ́ Eyín pé wọ́n mọ ètò, màá yí èrò mi padà.”

Irọ́ ni. Ó ti yan òkúta ère. Ṣùgbọ́n Fumiyo gbà á gbọ́, nítorí ẹni tí omi ń gbé lọ kì í bi igi léèrè bóyá ó lágbára.

Ni òfin bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ fọ ẹnu gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹrí ba fún àwòrán Alága. Kò gbọdọ̀ sùn, kò gbọdọ̀ jókòó, kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. Búrọ́ọ̀ṣì tuntun dé, orí Alága wà ní ìdí rẹ̀, ó ń wo ọmọ lójú kòròkòrò. Wọ́n tún rán aṣọ eyín ràgàjì kan tó ní ojú àti irunmú Alága, wọ́n ní kí Nukaga máa wọ̀ ọ́ kiri láti fi dá àwọn ọmọ lára yá. Ọmọ mẹ́ta ló tọ̀ sára lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Orin náà ló wá burú jù. Alága ló kọ ọ́, ó sì ní kí wọ́n máa gbé e jáde ní òwúrọ̀ látinú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ìlú, àwọn tí a fi ń kéde pé ìgbì òkun ńlá ń bọ̀, ká sá gun òkè. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dún, tí ohùn Alága ń ké “Dìde, eyín, dìde!”, gbogbo arúgbó àdúgbò wa gbé àpò pàjáwìrì wọn, wọ́n sì gun òkè. Orí òkè la wà kí a tó mọ̀ pé orin ni. Màmá Tome jókòó sórí òkúta, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè,” ó ní. “Ẹ máa wò ó. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló máa fara gbá a.”

Ní Hamanasu, ẹnu ti tún pa dé. Àwọn ọmọ ń tẹrí ba, wọ́n ń kọrin nínú imú, wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì pa ètè. Nagi gan-an ti padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Nílé, ó tún ti ń ge ìyá ìyá rẹ̀ jẹ. Lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ tó ń bi Fumiyo lẹ́nu ọ̀nà.

“Tíṣà, tí wọ́n bá wó òrùlé yẹn kí eyín mi tó bọ́ ńkọ́? Ibo ni màá jù ú sí?”

Fumiyo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ń bá ọmọ náà so okùn bàtà, bẹ́ẹ̀ bàtà náà kò ní okùn. Ó dùn mí gan-an.

Ọjọ́ Eyín pé. Tẹlifíṣọ̀n wá, ìwé ìròyìn wá, Ìyáàfin Wakisaka, aṣojú ìjọba ìpínlẹ̀, sì jókòó síwájú lórí àga. Gbogbo wa kún inú jẹ́léósinmi, títí dé àgbàlá. Nukaga dúró nínú aṣọ eyín rẹ̀, ó ń làágùn. Dókítà Hosaka fi àmì-ẹ̀yẹ kọ́ Alága lọ́rùn, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. Alága sọ̀rọ̀ nípa eyín rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ nípa eyín bàbá rẹ̀. Nígbà tó dé orí eyín bàbá ńlá rẹ̀, àwọn oníròyìn ti ń tún okùn ẹ̀rọ wọn ká.

Ó rí i pé wọ́n fẹ́ sá mọ́ òun lọ́wọ́. Kíá, ó kúnlẹ̀ jókòó sórí ẹní, ó gbá itan rẹ̀ pẹ́pẹ́. “Èmi fúnra mi ni màá fọ ẹnu ọmọ ìlú mi!” ó ní, ó sì fa Nagi tó sún mọ́ ọn jù lọ. Ẹ̀rọ àwòrán padà wá. Nagi gbé orí lé itan rẹ̀, ó dojú sókè, ó sì pa ẹnu dé gírígírí.

“Lanu, ọmọ dáadáa.”

Nagi mi orí.

“Mo ní kí o lanu!”

“Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́,” Nagi ní. “Òfin ilé wa ni.”

“Ẹni tó bá fẹ́ wo ẹnu ẹlòmíì,” àwọn ọmọ yòókù ké láti ẹ̀yìn, “á jẹ́ kí wọ́n wo tiẹ̀!”

Fumiyo fẹ́ bá wọn wí. Ibi tí Nukaga ti ba ilé ayé Alága jẹ́ nìyí, láìmọ̀. Ohùn rẹ̀ jáde látinú aṣọ eyín: “Hàà! Ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀! Alága wa máa gbé orí lé itan ọmọdé! Níbo ni wọ́n ti rí irú olórí yìí rí?” Ó fi ọwọ́ fọ́ọ̀mù ńlá rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Nígbà tó sì jẹ́ pé nílùú wa, bí Nukaga bá pàtẹ́wọ́, gbogbo wa là ń pàtẹ́wọ́, a pa àtẹ́wọ́ náà. Ìyáàfin Wakisaka rẹ́rìn-ín. Àwọn oníròyìn kúnlẹ̀ láti yà á.

Ẹ wo ojú Alága. Ẹ̀rù ń fà á sẹ́yìn, ògo ń tì í síwájú. Ó rí àwòrán ara rẹ̀ ní ojú ìwé àkọ́kọ́, arúgbó onírẹ̀lẹ̀ lórí itan ọmọdé. Ó wo ọwọ́ Nagi. Ọwọ́ kékeré ni. Kí ni ọwọ́ kékeré yìí lè ṣe? Ó dùbúlẹ̀.

Wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì tuntun kan lé Nagi lọ́wọ́, èyí tí orí Alága wà ní ìdí rẹ̀. Ó rọra fọ̀ ọ́, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. “Hàà! Ta nìyí?” ó ní. “Mo rí ewé òkun kan. Ìwọ ewé òkun, ta ló fún ọ ní yàrá níbí?”

Ó mà ṣe o! Ọ̀rọ̀ náà pa Alága lẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gidi, láti ikùn wá, irú èyí tí kò rín láti ọdún tó ti gba ipò. Bó ṣe ń mì jìgìjìgì, nǹkan mìíràn náà mì.

“Ó ń mì!” Inú Nagi dùn débi pé ó fò sókè lórí orúnkún rẹ̀. “Bàbá, eyín tiyín náà ń mì bíi tèmi!”

Ó fi ìka kan án. Gbogbo eyín ìsàlẹ̀ Alága jáde sí i lọ́wọ́, ó tò létòlétò, ó ń dán.

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, kò sí ẹlẹ́yà kankan lọ́kàn àwọn ọmọ náà. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tí eyín rẹ̀ bọ́, olóríire ni. “Ẹ kú oríire!” wọ́n ké, wọ́n ń fò. “Gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà!” “Ti òkè ni àbí ti ìsàlẹ̀?” “Ti ìsàlẹ̀ ni! Òrùlé! Òrùlé!” Kí àgbà kankan tó gbé ẹsẹ̀, Nagi ti sáré dé àgbàlá, ó ti na ọwọ́ sẹ́yìn.

“Eyín ìsàlẹ̀, máa gòkè lọ o! Kí tuntun yára yọ wá bá ọ!”

A gbọ́ tó balẹ̀ sórí òrùlé, kọ́ọ́.

Alága dìde jókòó, ó la ẹnu láti ké “Ẹ dá a padà!” Ti òkè já bọ́ sórí ẹní. Ọmọ kan gbé e. “Ti òkè nìyí! Abẹ́ ilé!” Ó sì lọ.

Màmá Tome ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, gbogbo eyín rẹ̀ síta.

“Alága, ẹ mà kú ìnáwó o! Eyín tí ìyá yín bí mọ́ yín ti padà sílé!”

Ìgbà náà ni gbogbo ìlú bú sẹ́rìn-ín. Èmi jókòó sílẹ̀, n kò lè dìde. Alága ń nàka sókè, ó ń sọ̀rọ̀, kò sì sí ọ̀kan tó dúró nínú ọ̀rọ̀ náà. Nukaga lóye ìka. Ó gbé àkàbà, ó sì ń gùn ún lọ pẹ̀lú aṣọ eyín lọ́rùn. Àwòrán yẹn ló jáde ní ojú ìwé àkọ́kọ́ lọ́jọ́ kejì: eyín ràgàjì onírunmú lórí òrùlé, ó ń wá eyín. Kò rí i. Ó ti yọ̀ wọ abẹ́ amọ̀ òrùlé lọ.

Ìyáàfin Wakisaka yí sí oníṣègùn. “Dókítà, ẹ yẹ ẹnu Alága wò kí ẹ tó fún un ní nǹkan yẹn?”

“Mo... mo wò ó,” Hosaka ní. “Láti òkèèrè.”

Nínú gbogbo ariwo yìí, Fumiyo nìkan ló rá wọ abẹ́ ilé. Ó mú eyín òkè jáde, ó fọ̀ ọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ omi, ó fi aṣọ ìnujú rẹ̀ wé e, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Alága. Alága gbà á. Kò lè wo ojú rẹ̀.

Àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún Gbọ̀ngàn Ẹ̀rín wá sọ pé àwọn ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Alága fi ìbòmú bo ẹnu, ó tẹrí ba fún àwọn oníròyìn, ó sì fi ipò sílẹ̀. Wọ́n bi Nukaga pé kí ló mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà. “Inú eyín ni mo wà,” ó ní. “N ò rí nǹkan kan.” Ó ti ń pàtẹ́wọ́ fún alága tuntun báyìí, alága tuntun sì ti pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan òrùlé Hamanasu. Àmì-ẹ̀yẹ wà lọ́rùn Màmá Tome. Òun ló fi ń ṣí ìgò.

Ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, nígbà tí ewé igi ń pọ́n, mo rí Kuramochi tó ń kọjá níwájú jẹ́léósinmi, òun nìkan, ìbòmú lẹ́nu. Nagi sáré dé ẹ̀bá ọgbà.

“Bàbá! Ẹ dúró! Tèmi ti bọ́ o, ẹ̀gbẹ́ tiyín ni mo jù ú sí. Ẹ wò ó, tuntun ti ń yọ. Tiyín ńkọ́?”

Ọkùnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sí Nukaga tó máa bá a fèsì. Ó rọra bọ́ ìbòmú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ọgbà, ó sì lanu. Ihò lásán ni. Nagi fi ọwọ́ di irin ọgbà mú, ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó wò ó títí.

“Kò tíì yọ,” ó ní. “Ẹ má sunkún. Gbogbo ẹ̀ ni mo tọrọ fún yín lẹ́ẹ̀kan náà, ó máa pẹ́ díẹ̀ ni.”